Bí mo ṣe ń fi phased array wá àlébù inú irin ní Òkè Ọya

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìlọrin, ìyá mi kì í ra ìkòkò láìgbá a lára wò. A máa ń lọ sí Òkèlele níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò Dàda. Ìyá mi á gbé ìkòkò lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, á fi eegun ìka ọ̀tún kàn án gbì, á sì dẹ etí sí i. Bó bá dún gooro bí agogo, á sanwó. Bó bá dún pẹ̀ẹ́, á dá a padà fún ẹni tó ń tà á, torí ó ti sán níbi tí ojú ò lè dé. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe ní Kàdúná àti Àbújá láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn ò jìnnà sí ìyẹn. Irin ni mo ń kàn, ohùn tí mo fi ń kàn án ga ju èyí tí etí ọmọ ènìyàn lè gbọ́ lọ, ẹ̀rọ ló ń bá mi gbọ́ ọ.

Láti ìgbà tí iṣẹ́ páìpù gáàsì AKK ti bẹ̀rẹ̀ ní 2020, ìyẹn páìpù ìnṣì 40 tí wọ́n ń rì láti Àjàókúta lọ sí Kánò, kìlómítà 614, mo ń pàdé àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí Level 2, ìyẹn ìpele kejì nínú iṣẹ́ àyẹ̀wò irin, tí wọ́n sì gòkè Ọya wá wá iṣẹ́. Wọ́n mọ ìwé. Wọ́n mọ bọ́tìnì tí wọ́n máa tẹ̀. Ohun tí wọn ò tíì mọ̀ ni ohun tí oòrùn àti ọyẹ́ ibí máa ń ṣe fún ẹ̀rọ wọn. Nítorí wọn ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹni tí ò bá mọ phased array rí, ìyẹn ẹ̀rọ tí mo fi ń kan irin, kó rántí máàṣì-páàsì ọjọ́ Òmìnira. Ká ní ọmọ iléèwé mẹ́rìndínlógún tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí gbogbo wọn bá gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà wọn á lọ síwájú gbọnrangandan. Bí ti òpin ìlà bá kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀, tí èyí tó tẹ̀ lé e dúró díẹ̀ kó tó gbé tirẹ̀, tí ẹ̀kẹta náà dúró díẹ̀ sí i, ìlà náà á dagun, ibòmíì ni gbogbo wọn á kọjú sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni póòbù phased array, ìyẹn apá ẹ̀rọ tí a ń gbé lé irin, ṣe ń ṣiṣẹ́. Kírísítàlì wẹ́wẹ́ ló tò sínú rẹ̀, ó lè jẹ́ 16, 32 tàbí 64. Ẹ̀rọ á ní kí kálukú ju ohùn sínú irin ní ìgbà tirẹ̀, ìdádúró tó wà láàárín wọn ò ju nanosecond mélòó kan lọ, ohùn á sì dagun sí ibi tí a bá fẹ́. Kó o tó ṣẹ́jú, ó ti lọ láti 40 dígírì dé 70, àwòrán rẹ̀ á là sójú ẹ̀rọ bí abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ṣí. Ìran kan náà ni òun àti scan tí wọ́n ń ṣe fún aláboyún ní ọsibítù. Ẹ̀rọ ìgbà tiwa tẹ́lẹ̀, kírísítàlì kan, dígírì kan ni. Bí o bá fẹ́ wo 45, 60 àti 70, o máa pààrọ̀ wẹ́jì, ìyẹn ike tí póòbù ń jókòó lé, lẹ́ẹ̀mẹta, o sì máa gba ojú irin kan náà kọjá lẹ́ẹ̀mẹta.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí a ò kàn fi X-ray ṣe é. X-ray dáa, tó bá jẹ́ ihò wínníwínní inú irin la ń wá, ó ń fi í hàn kedere ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lo iridium-192, ohun tó ń ta ìtànṣán tí wọ́n fi ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀, gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ NNRA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìtànṣán, ní Àbújá, ó sì gbọ́dọ̀ lé gbogbo èèyàn kúrò níbẹ̀ kó tó ṣí i, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é lóru. Iṣẹ́ òru lójú ọ̀nà páìpù nínú igbó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ibí mọ ohun tí mò ń sọ. Ohùn ò ní ìtànṣán kankan. Mo lè wà ní apá ọ̀tún táǹkì kí wẹ́dà wà ní apá òsì tó ń jó irin tirẹ̀ lọ. Ibi tí irin méjì ò ti mú ara wọn dáadáa, tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí abẹ, X-ray lè kọjá lára rẹ̀ kó má rí i. Ohùn tó bá kàn án ní ìdojú kò ní gbàgbé rẹ̀.

Ohun tí mo ń yẹ̀ wò kí n tó kúrò nílé

Ẹ̀rọ tí èèyàn lè gbé kọ́rùn gun àtẹ̀gùn ni a ń lò: OmniScan, Gekko, Veo àti irú wọn. Bẹ́ ẹ bá rí 16:64 lára ẹ̀rọ, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó lè bá kírísítàlì 64 sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rìndínlógún péré ló lè pè lẹ́ẹ̀kan náà. Fún irin tó nípọn láti mílímítà 12 sókè bíi ti táǹkì, póòbù 5 MHz ni mo ń mú (MHz ló ń sọ bí ohùn ṣe ga tó). Fún páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ mílímítà 6 tàbí 8, mo máa ń lọ sí 7.5 tàbí 10 MHz. Stainless tó ní hóró ńláńlá nínú, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, póòbù tiẹ̀ ló ń fẹ́, ẹ má fi ti irin lásán gbìyànjú rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́, mo máa ń tan ẹ̀rọ kí n ka kírísítàlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọ̀kan bá kú, mo máa ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Bí méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn bá kú, póòbù yẹn ò bá mi jáde, òfin tèmi nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wẹ́jì. Mo máa ń gbé rúlà onírin lé ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí n gbé e kọjú sí gílóòbù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín rúlà àti ike, ó ti jẹ nìyẹn. Iyanrìn inú afẹ́fẹ́ ọyẹ́ a máa ho wẹ́jì bí ẹni fi sandpaper ho ó, wẹ́jì tó bá sì ti jẹ lápá kan, dígírì tó wà lójú ẹ̀rọ kọ́ ló ń yìn mọ́.

Ẹ gbé block, ìyẹn irin tí a ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ tí ẹ máa fi ṣe kálíbréṣọ̀n (títún ẹ̀rọ tò kó lè kà á bó ṣe yẹ), ẹnkódà tó ń ka bí póòbù ṣe rìn jìnnà tó, okùn àpòjù kan, bátìrì méjì, tẹ́ẹ̀pù, rúlà gígùn àti máákà onírin. Ẹ mú tẹmómítà tí wọ́n ń fi kan irin. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mò ń bá pàdé ò ní in. Ó kéré gan-an lówó sí ẹ̀rọ tó wà lọ́rùn wọn, ẹ máa rí ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Bí mo bá ń ti Àbújá bọ̀ wá sí Kàdúná, ọkọ̀ ojú irin ni mo máa ń wọ̀ láti Ìdù dé Rígásà. Àpótí ẹ̀rọ máa ń wà láàárín ẹsẹ̀ mi, n kì í fi sínú ẹrù.

Yà á sórí páálí ná

Kí n tó fọwọ́ kan bọ́tìnì, mo máa ń ya irin náà ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an sẹ́yìn páálí. Ká ní irin náà nípọn ní mílímítà 20. Ohùn tó wọlé ní 60 dígírì á rin mílímítà 34.6 síwájú kó tó kan ìsàlẹ̀ irin, bó bá ta padà sókè, ó ti rin nǹkan bíi 69. Ní 45 dígírì, ogún ni, lẹ́yìn náà ogójì. Ní 70, ó di 55 àti 110. Mo máa ń fa àwọn ìlà yẹn pẹ̀lú rúlà, kí n ya ẹnu ibi tí wọ́n ti jó irin náà, kí n wo ibi tí póòbù gbọ́dọ̀ jókòó sí kí ìlà ìsàlẹ̀ lè kan gbòǹgbò ìjó náà nísàlẹ̀ kí ìlà òkè sì kan orí rẹ̀ lókè. Bí ibì kan bá wà lórí páálí tí ìlà kankan ò gbà kọjá, ohùn ò ní gba ibẹ̀ kọjá nínú irin náà. Ìgbà míì ó máa ń jẹ́ pé ibi méjì ni póòbù máa jókòó sí, ọ̀kan jìnnà ju èkejì lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìkánjú yọ ọ̀kan kúrò.

Ìmọ́tótó ojú irin ò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi gíráǹdà gé gbogbo ẹ̀ta irin tó lẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n ho ọ̀dà tó bá ti ń ṣí, kí wọ́n fi àkísà tútù nu iyanrìn kúrò. Kí gíráǹdà má jẹ etí ibi tí wọ́n jó.

Jẹ́ẹ̀lì, ohun yíyọ̀ tó ń jẹ́ kí ohùn kọjá láti ara póòbù sínú irin, ni kẹ́ ẹ fọkàn sí. Lásìkò ọyẹ́, jẹ́ẹ̀lì inú ike tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun ń gbẹ kẹ́ ẹ tó rìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Mo máa ń po ìyẹ̀fun cellulose mọ́ omi fúnra mi. Bó bá jẹ́ irin tó sùn ni, mo máa ń pò ó kó yọ̀ bí ilá. Bó bá jẹ́ ara táǹkì tó dúró gbagidi ni, kó ki bí ògì gbígbóná, kó má bàa sàn lọ sílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ló máa ń ṣáájú mi pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà, á máa fi í pa irin, èmi á máa tẹ̀ lé e. A kì í jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín àwa méjèèjì ju gígùn apá kan lọ.

Kálíbréṣọ̀n

Ẹ kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún ẹ̀rọ: bí irin ṣe nípọn tó, bí wọ́n ṣe gé ẹnu rẹ̀, orúkọ póòbù, orúkọ wẹ́jì. Mo ti rí ẹni tó mú wẹ́jì kan lọ́wọ́, tó yan òmíràn lójú ẹ̀rọ, tó sì fi odindi ọjọ́ kan wo àwòrán tí kò sí níbì kankan.

Ìyára ohùn ló kàn. Nínú irin, ohùn tí à ń lò fún ojú ìjó, ìyẹn ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, ń sáré tó mítà 3,240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó ń lọ tààrà ń sáré tó 5,900. Ẹ má kàn tẹ nọ́ńbà yẹn sínú rẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ gbé póòbù lé block, kẹ́ ẹ fi igun roboto mílímítà 50 àti 100 jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rọra fi póòbù síwá sẹ́yìn lórí igun roboto náà kí gbogbo dígírì, láti 40 dé 70, lè gbà pé ibì kan náà ni igun yẹn wà. Ibi yìí ni ẹ̀rọ ti ń mọ iye àkókò tí ohùn fi ń la inú wẹ́jì kọjá.

Ó wá kan agbára ohùn. Ohùn a máa rẹ̀ bó ti ń rìn, ti 70 dígírì sì ń rìn jìnnà ju ti 45 lọ. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ihò kan náà á dà bí ńlá lójú 45, á dà bí kékeré lójú 70. Ẹ mú block tó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìjìn oríṣiríṣi, kẹ́ ẹ gba gbogbo dígírì kọjá lórí ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ gbé gbogbo wọn sókè dé 80% ojú rẹ̀. TCG nìyẹn. Ó ń gba sùúrù. Ọwọ́ tó bá gbọ̀n lórí ihò kan, gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ló máa fi gbọ̀n.

Ẹnkódà ló kẹ́yìn. Ẹ yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà fún mílímítà 300, kẹ́ ẹ wò ó bóyá 300 náà ni ẹ̀rọ kà.

Oòrùn

Ní oṣù March ọdún kan, a ń yẹ táǹkì dísù tuntun kan wò nítòsí Kàdúná. Mo ṣe kálíbréṣọ̀n mi nínú kọ̀ǹténà ọ́fíìsì tí èè-síì ń fẹ́, láago méje àárọ̀. Ó pé, ó gún. A bẹ̀rẹ̀ ní apá tí òjìji wà, nígbà tó fi di aago méjì ọ̀sán a ti yí dé apá tí oòrùn ti ń sun láti àárọ̀. Ní ojú ìjó ìsàlẹ̀ pátápátá, ohùn kan jáde ní gbòǹgbò, ó gùn tó mílímítà 40.

Ọmọ iṣẹ́ mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo èyí. Ṣé irin yìí mú ara wọn báyìí?”

Mo wò ó. Lójú ẹ̀rọ, ohùn náà wà ní nǹkan bíi mílímítà kan àtààbọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìlà tó dúró fún ìsàlẹ̀ irin. Mo ní kò séwu, irin tó yọ díẹ̀ sínú táǹkì ni, wẹ́dà ti iná bọ̀ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ń múra láti rọ omi kún táǹkì náà láti dán an wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbé póòbù padà lé block gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ihò tó wà ní ìjìn mílímítà 15, ẹ̀rọ ń kà á sí 16. Mo fọwọ́ kan wẹ́jì, ó gbóná bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo tọ táǹkì náà lọ pẹ̀lú tẹmómítà: oòrùn ti ń wọ̀, irin ṣì wà ní 51 dígírì. Nínú kọ̀ǹténà àárọ̀, 23 ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí ike wẹ́jì bá gbóná, ohùn á falẹ̀ nínú rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó jáde, ẹ̀rọ sì rò pé inú irin ló ti pẹ́. Lẹ́yìn náà, nítorí pé ó falẹ̀ nínú ike, ó túbọ̀ dagun nígbà tó wọnú irin, ohun tí ẹ̀rọ ń pè ní 60 ti kọjá 60. Méjèèjì ló ń ti àwòrán sísàlẹ̀. Àlébù tó jókòó sí gbòǹgbò gan-an á wá dà bí ẹni pé ó wà níta irin, ibi tí a máa ń ka ohùn sí bátànì irin lásán. Bákan náà, èyí tó wà lábẹ́ awọ orí ojú ìjó á dà bí ìrísí orí fúnra rẹ̀. Ooru ń fi aṣọ aláìṣẹ̀ wọ àlébù.

Láago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, irin wà ní 26. Mo tún kálíbréṣọ̀n ṣe lẹ́bàá táǹkì, mo gba ojú ìjó yẹn kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohùn náà ti gòkè wá jókòó sórí ìlà ìsàlẹ̀ irin gẹ́lẹ́, ó sì wà ní apá ọ̀dọ̀ mi kí n tó dé àárín. Gbòǹgbò ò mú ara wọn. Wọ́n gbẹ́ ẹ, a rí i pẹ̀lú ojú lásán, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn òwú. Mo lọ bá ọmọ iṣẹ́ mi, mo sọ fún un pé òun ló rí òótọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo apá tí a ṣe lẹ́yìn aago mọ́kànlá la tún ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, block mi kì í sùn sínú kọ̀ǹténà. Mo máa ń gbé òun àti wẹ́jì lé irin tí mo fẹ́ yẹ̀ wò fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ooru wọn lè dọ́gba. ASME Section V, ìwé òfin àyẹ̀wò irin ti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà, ní kí ìyàtọ̀ ooru block àti ti irin má ju 14 dígírì Celsius lọ, tẹmómítà ló sì máa sọ fún yín, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Mo ń bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́fà, mo ń dúró láago mẹ́wàá ààbọ̀, mo tún ń padà lẹ́yìn aago mẹ́rin. Bí wọ́n bá fi dandan lé e pé kí n ṣe ọ̀sán, wọ́n gbọ́dọ̀ ta tapọ́lín bo ibẹ̀ láti òwúrọ̀, mo sì máa ń wo block ní wákàtí wákàtí. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ náà ń jìyà. Ọ̀pọ̀ wọn, 45 dígírì ni wọ́n kọ sí i lára pé kó má kọjá, ẹ̀rọ dúdú tó bá jókòó sínú oòrùn March ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń rìn ín

Ẹ rìn ín jẹ́jẹ́, ìgbésẹ̀ mílímítà kan kan. Ìlà dúdú tó bá là láàárín àwòrán, ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé jẹ́ẹ̀lì gbẹ tàbí pé ẹ sáré jù. Bí méjì bá tẹ̀ lé ara wọn, mo ń padà. Ìhà méjèèjì ojú ìjó ni kẹ́ ẹ ti wò ó, ẹ má gba ẹyọ kan tí àyè bá wà.

Ihò wínníwínní máa ń jáde bí ìyẹ̀fun tó fọ́n ká, bí póòbù bá kúrò díẹ̀ wọ́n á lọ. Ìdàrọ́ tó há sínú irin máa ń ṣe ṣákaṣàka, gíga rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ibi tí ẹ̀gbẹ́ ò ti mú ara wọn máa ń jókòó sórí ìlà ẹnu irin tẹ́ ẹ yà, yóò tàn yòò láti ìhà kan, láti ìhà kejì ó lè má fẹ́ẹ̀ hàn. Ibi tó sán máa ń ní ṣóńṣó méjì mẹ́ta tó ń yọ tí ń wọlé bí ẹ bá ń mi póòbù, ṣóńṣó òkè ni ẹ máa fi wọn gíga rẹ̀. Ní gbòǹgbò, ìrísí irin tó dáa sábà máa ń hàn ní òdìkejì àárín. Èyí tó bá hàn ní apá ọ̀dọ̀ yín kẹ́ ẹ tó dé àárín, ẹ dúró tì í. Gígùn rẹ̀, ẹ máa tì í lọ títí ohùn á fi dín sí ìdajì, ìyẹn 6 dB, ẹ sàmì sí i, kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní òdìkejì.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ padà sórí block kẹ́ ẹ tó tú póòbù. Bí agbára ohùn bá ti fi ohun tó ju 2 dB lọ wálẹ̀, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ṣe láti ìgbà tẹ́ ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn ò jẹ́ mọ́, ẹ tún un ṣe. Nínú ìwé iṣẹ́ mi, mo máa ń kọ ooru irin àti aago síwájú ojú ìjó kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi ò tilẹ̀ béèrè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi omi ṣan wẹ́jì kí n tó fi aṣọ kàn án, torí aṣọ gbígbẹ lórí iyanrìn ọyẹ́ ló ń ho ó jù.